Oníìgò

Oníìgò kọjá ládùúgbò wa l'Òkè-Àdó láàárọ̀ yìí. Mo kó gbogbo ìgò tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn fún un. Ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e sókè sójú oòrùn kó lè rí i bóyá ó ti sán. Ìka ọwọ́ rẹ̀ le koko. Ni mo bá rántí Bàbá mi, mo sì rántí Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà nì.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bàbá ní August 10, 1963, tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Liberty. (Orúkọ Awólọ́wọ̀ ni pápá náà ń jẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n Liberty la ṣì ń pè é nílé wa.) Ìjà bẹ́líìtì àgbáyé ni, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ adúláwọ̀ ní Áfíríkà. Dick Tiger ti na Gene Fullmer, akànṣẹ́ ará Amẹ́ríkà, ní San Francisco ní 1962, wọ́n sì ta ọ̀mì ní Las Vegas. Ti Ìbàdàn ló wá kù. Nígbà tí abala keje parí, Fullmer kò jáde fún ìkẹjọ, kò sì tún ja ìjà kankan mọ́ títí ó fi kú. Bàbá a máa fi àpótí ìdáná ṣe é fún wa: á jókòó, á sorí kọ́, á mi orí lẹ́ẹ̀kan péré.

Síbẹ̀, ìgò ló máa ń tẹnu mọ́ jù. Richard Ihetu ni orúkọ Dick Tiger gan-an, ọmọ Amaigbo ni, ìgò òfìfo ló ń tà l'Aba kó tó wọkọ̀ lọ sí Liverpool ní 1955. Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà níbẹ̀, wọ́n nà án ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò padà wálé. Bàbá ní ẹni tó bá ti ru ìgò rí mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lábẹ́ ẹrù tó lè fọ́.

Ìyókù máa ń dùn mí. Ogun dé, ó dúró ti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Biafra, ó dá oyè tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lọ́lá padà ní 1969. Púpọ̀ nínú ohun tó fi ẹ̀ṣẹ́ kó jọ bógun lọ. Ọkùnrin tó gba bẹ́líìtì àgbáyé ní ìpele ìwọ̀n méjì wá di ẹ̀ṣọ́ nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ní New York. Mélòó nínú àwọn tó ń wo àwòrán níbẹ̀ ló wojú rẹ̀? Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ mú un, ó padà sí Aba, ó sì kú níbẹ̀ ní December 14, 1971, lẹ́ni ọdún méjìlélógójì.

Mo bi ọmọkùnrin oníìgò náà bóyá ó mọ Dick Tiger. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Mo ní oníìgò ni.

Ó sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀. "Oníìgò bíi tèmi, mọ́mì?"

Mo gbé àpótí fún un. Láti Aba ni mo ti bẹ̀rẹ̀.