Kò Sẹ́ni Tó Ń Kà Á

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mọ́kànlá alẹ́ ku díẹ̀.

Itan méjèèjì ń ro mí bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹrẹ̀ funfun ń já bọ́ lára taya rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù láàárọ̀, mo sì mọ ẹni tó máa bá mi sọ ọ́. Ó ti sùn. Ẹ jẹ́ kó sùn.

Mo ti dé Aldworth, abúlé kan ní Berkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Láti ìgbà òtútù ni mo ti ń fọ́nnu fún yín pé n óò gun kẹ̀kẹ́ dé The Bell, ilé ọtí orí òkè yẹn, ẹ sì ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dáa, mo ti lọ, mo ti bọ̀. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́: n kò gùn ún dé ibẹ̀ tán. Mo tì í. Ibi tí mo ti ń tì í ni ọ̀rọ̀ kan ti bá mi, kò sì tíì fi mí sílẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Reading ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin, mo sọ̀ ní Goring, mo gba orí afárá sọdá odò Thames sí Streatley. Pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀, oòrùn ń ràn, mo ń súfèé. Títí débẹ̀, akọni ni mí. Bí mo ṣe kọjá oríta báyìí, òkè náà dìde lójijì bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀. Mo yí jíà, mo tún un yí, mo yí i títí kò fi sí èyí tó kù. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Ojú tì mí. Ẹ má bi mí pé lójú ta ni, kò sí ẹyẹ kan lójú ọ̀nà. Síbẹ̀ mo yọ fóònù jáde, mo ń wò ó bí ẹni pé ìpè kan ló dá mi dúró, tí kì í ṣe ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá àgbàlagbà kan ti ń sọ̀ bọ̀ látòkè, irun rẹ̀ funfun báláú, ajá rẹ̀ wà níwájú. Mo kí i. Kò tíì bi mí ní nǹkan kan tí mo ti ń rò fún un pé díẹ̀ yìí nìkan ni mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn, pé mo gun ìyókù.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń kà á, olólùfẹ́." Ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ajá gbóòórùn taya mi, ó tẹ̀ lé e.

Olólùfẹ́ yẹn, ẹ má kà á sí. Bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ayé níbí nìyẹn, títí kan ológbò. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni mo ń bá fà á.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Mo ń ti kẹ̀kẹ́ mi lọ, ara mi fúyẹ́, mo ní, òótọ́ ni, ta ló ń kà á? Nígbà tí mo máa fi yí kọ́ńà kejì, inú ti ń bí mi. Ta ló ń kà á, kẹ̀? Èmi tí mo jókòó títí di aago kan òru àná, tí mò ń kà!

Ẹ mọ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn, èyí tí mò ń kọ kí wọ́n lè gbà mí láyè láti máa gbé ìlú ọba títí lọ. N kò ní tún un sọ. Ọjọ́ tí mo jáde ní ìlú yìí, ọjọ́ tí mo wọlé padà, ìdí tí mo fi jáde, gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 180 lọ nínú oṣù 12 èyíkéyìí. Tèmi kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mo ní láti kọ ọ́ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó bá òǹtẹ̀ inú ìwé ìrìnnà mu. Ọdún yẹn, ọjọ́ 23. Ẹ mọ èyí tí mò ń sọ. Nínú àpótí tí wọ́n ti ní kí n kọ ìdí rẹ̀, mo kọ "ìsìnkú", mo pa á rẹ́. Mo kọ "ẹbí", mo pa á rẹ́. Mo lọ sùn.

Nítorí náà, Màmá alájá, wọ́n ń kà á o.

Bóyá torí pé wọn ò kà á fún òun rí ni ẹnu rẹ̀ fi gbà á láti sọ ọ́. Tàbí... kí ni mo mọ̀ nípa rẹ̀? Bóyá dókítà ń ka nǹkan kan fún un. Bóyá ẹni méjì ni wọ́n máa ń mú ajá yẹn rìn tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo fi rí i, mo ti ń bá a jà lọ́kàn.

Àwọn àṣá wà lókè. Àṣá tí ìrù wọn là bí ìrù ẹja, tí ara wọn pọ́n. Wọ́n ti run tán nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó kó àwọn mìíràn wá láti Spéènì sí àgbègbè òdìkejì odò yìí, láti 1989 lọ. Mo ń wò wọ́n, mo ń ronú pé ṣé wọ́n béèrè ìdí lọ́wọ́ tiwọn. Mo ka méje. Mo bá ara mi wí.

Òkè náà tán, ọ̀nà tẹ́jú, mo gun kẹ̀kẹ́ mi bí ọmọlúàbí wọ Aldworth. Mo kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ pé tààrà ni mo wọ ilé ọtí. Ẹ rẹ́rìn-ín. Àwọn ère òkúta ńlá wà nínú rẹ̀, ti ìdílé De la Beche, wọ́n ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 1300 ó lé díẹ̀, wọ́n na gbalaja, ẹlòmíràn kò ní imú, ẹlòmíràn kò lápá. Òmìrán Aldworth ni wọ́n ń pè wọ́n. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Mo ti kà wọ́n kí n tó mọ̀ pé mò ń kà.

The Bell ńkọ́? Ó kéré. Mo ti rò pé ilé tó ti wà lọ́wọ́ ìdílé kan ṣoṣo láti ohun tó lé ní 250 ọdún á fi ara hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òrùlé kékeré, òdí bíríkì, àga pákó tí ìdí àwọn ènìyàn ti fá dan. Ẹgbẹ́ CAMRA, àwọn tó ń jà fún bíà inú àgbá láti 1971, ti mú un ní ilé ọtí tó dáa jù ní gbogbo ìlú ọba lẹ́ẹ̀mejì, ní 1990 àti ní 2019, ẹ ò sì ní mọ̀ tí ẹ bá wo ìta rẹ̀. Kò sí káńtà. Fèrèsé kan ló wà, ẹ ó dúró síwájú rẹ̀, ẹ ó sọ ohun tí ẹ fẹ́, wọn ó nà án sí yín. Bíi ti Ìyá Alákàrà tí ó ń na àkàrà jáde láti ojú wíńdò nígbà òjò.

Ẹnikẹ́ni kò tò. Gbogbo wọn kàn dúró káàkiri, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ ẹni tó kàn. Bàbá arúgbó kan wà lẹ́yìn mi, mo sún sẹ́yìn pé kí wọ́n kọ́kọ́ rà, ojú wọn yí padà bí ẹni tí mo fẹ́ jà lólè. Wọ́n ní rárá o, èmi ni mo kàn. Mo tún ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rà. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Níbí, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ rí i pé ẹnì kan ń kà á níbẹ̀ náà, ẹnu ni wọn ò fi kà.

Ààbọ̀ páìntì ni mo rà. N kò sọ owó rẹ̀ di náírà, ẹ yìn mí. Ó pọ́n bí tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. Mo ti gbọ́ ẹ̀gàn bíà yìí pé ó gbóná, àwọn ará ilé wa tó wà níbí máa ń sọ pé bíà àwọn òyìnbó abúlé dà bí omi tí wọ́n fi fọ nǹkan. Kò gbóná. Omi àmù ni. Bí omi inú àmù ṣe máa ń rí ní ọ̀sán, tí kò gan eyín, tí ó kàn bá ọ̀nà ọ̀fun rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin inú fèrèsé sọ fún mi pé nínú àgbá ni ó ṣì ti ń hó, pé bí wọ́n bá ti ṣí i, ọjọ́ díẹ̀ ló ní kó tó kan. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó wò mí. Mo ní ẹmu ni. Kò yé e, mi ò sì ṣàlàyé.

Àmù Màmá wa nílé wà ní igun yàrá, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, àwo irin ló fi dé e, kọ́ọ̀bù wà lórí àwo. N kò ronú nípa àmù yẹn láti ìgbà... ọjọ́ 23 yẹn. Ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà náà. Kò sí omi nínú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí. Nígbà ìkànìyàn 1991, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé pẹ̀lú bírò àti ìwé ńlá. Ó bi Màmá pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí. Màmá wò ó látòkè délẹ̀. Wọ́n ní, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ìjọba ló ní ká kà." Wọ́n ní kó kọ ọ́ pé wọ́n pọ̀ díẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀, ó kúnlẹ̀ pàápàá. Ìjókòó ni wọ́n gbé fún un, wọ́n fún un ní omi àmù, wọn kò fún un ní iye. Bàbá kékeré ló mú un lọ sẹ́yìn ilé, ó sọ ọ́ sí i létí. Èmi wà lẹ́yìn Màmá, mò ń fi ìka kà wá lábẹ́ aṣọ, wọ́n gbá mi lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìyá alájá tún padà wá, ó wá dà bí ẹni pé Màmá ló sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń kà á. Ṣùgbọ́n tiwọn kì bá rí bẹ́ẹ̀. Èèwọ̀ ni tiwọn, kò gba ẹ̀rín. Ẹni tí a ò bá kà, a ò lè rí èyí tó dín nínú rẹ̀... mi ò mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n rò nìyẹn. Wọn ò ṣàlàyé fún wa rí.

Aago kan wà lára ògiri níbẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní. Ó ń sọ wákàtí, kò ń sọ ìṣẹ́jú. Ó ní méjìlá ti lọ. Iye tó fi lọ, kò kàn án. Mo jókòó tì í títí mo fi jẹ búrẹ́dì mi tán, wàràkàṣì àti àlùbọ́sà ni wọ́n fi sí i, ó gbóná, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ra òmíràn.

Àǹtí Ìbàdàn pè nígbà tí mo wà nínú ọgbà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí wọ́n ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì.

"Ariwo kí lèyí? Níbo lo wà?"

"Ibi tí wọ́n ti ń jẹun ni, Mà."

"Ọtí ńkọ́? Ṣé wọn ò tà á níbẹ̀?"

"Búrẹ́dì ni mo jẹ, Àǹtí."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí o jẹ."

Òótọ́ ni mo sọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ ní òótọ́, ẹ ṣáà wò ó. Ó gbàdúrà fún mi, ó ní fọ́ọ̀mù náà á yọrí sí rere. Mo ṣe àmín sí ife tó ti ṣófo.

Ọ̀nà Ridgeway ni mo gbà padà, ọ̀nà àtijọ́ tó gùn tó máìlì 87 lápapọ̀, èmi lo díẹ̀ báyìí nínú rẹ̀. Òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ẹfun ni gbogbo òkè yẹn, ẹfun gidi, bí èyí tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ elégbòogi, bí taya bá ti pa á, a di àtè. Mo ń yọ̀, mo ń pariwo. Mo wo iwájú bóyá n óò tún pàdé ìyá náà. Kí ni n bá sọ fún un? Pé mo ti gùn ún padà o, gbogbo rẹ̀, mi ò tì í rárá? Ẹlẹ́rìí ni mò ń wá nìyẹn. Òun ló ní kò sẹ́ni tó ń kà á, òun ni mo sì fẹ́ kó kà á fún mi.

Bóyá òkè nìkan ló ní lọ́kàn ṣá.

Ohun tí mo fi ohun tó sún mọ́ wákàtí kan tì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fi sọ̀ ọ́. Mo dé Goring, ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Mo dúró. Òtútù mú mi.

Kọ̀ǹpútà ṣì wà ní ṣíṣí báyìí níwájú mi, ilà kékeré yẹn ń ṣẹ́jú nínú àpótí ìdí. Mo kọ "Màmá" síbẹ̀. Kì í ṣe ìdí tí wọn ó gbà, mo mọ̀. Tó bá di àárọ̀, màá pa á rẹ́, màá kọ èyí tó yẹ. Jẹ́ n lọ nu ẹrẹ̀ yẹn kó tó gbẹ mọ́lẹ̀.