Ṣokoléètì ni kí o kọ́kọ́ dojú kọ

Alẹ́ Ọjọ́rú

Mo ti la ìpele oníṣokoléètì yẹn já! Candy Crush ni mò ń wí, géèmù súìtì aláràbarà tí a ti ń to mẹ́ta aláwọ̀ kan náà pọ̀ kí wọ́n lè fọ́, kí ìgbésẹ̀ tí wọ́n fún ni tó tán, tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ nínú mọ́tò àti níbi tí wọ́n bá ti ń dúró de nǹkan. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kọ gbogbo bí mo ṣe ṣe é sílẹ̀ kí n tó sùn, torí kì í ṣe oríire nìkan ló gbé mi kọjá níbẹ̀. Mo jókòó ro ó dáadáa ni.

Bí ọpọ́n náà ṣe rí nìyí. Jẹ́lì, ohun tí mo gbọ́dọ̀ fọ́ tán kí n tó yege, wà lábẹ́ súìtì káàkiri, ṣùgbọ́n ti igun méjèèjì nísàlẹ̀ ló le jù, ìlọ́po méjì ni, afi kí o fọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ. Ṣokoléètì sì gun orí rẹ̀. Ẹni tó bá ń ta géèmù yìí mọ ìwà ṣokoléètì. Ìgbésẹ̀ yòówù tí o bá gbé láì fọ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n á tún bí òmíràn, á sì gbé súìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mì. Tí o bá gbàgbé rẹ̀ fún ìgbésẹ̀ márùn-ún, márùn-ún tuntun ló ń wò ọ́ yẹn. Nítorí náà mo pinnu pé mi ò ní ṣe nǹkan kan lókè níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì rí ibi tí súìtì mẹ́ta ti lè tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣokoléètì. Kódà kí bọ́ǹbù aláwọ̀, súìtì tó ń fọ́ gbogbo aláwọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, máa pè mí lókè, á dúró dè mí. Tí ṣokoléètì bá tán pátápátá lórí ọpọ́n tí kò ní ẹ̀rọ tó ń pọ̀ ọ́ jáde, kò tún padà wá mọ́, ara sì tù ọ́ nìyẹn.

Ẹni tó mọ ayò ọlọ́pọ́n ta máa ń kà á kó tó gbé e. Ó lè kà á torí pé gbogbo ọmọ ayò 48 ló wà níta gbangba. Ti súìtì kò rí bẹ́ẹ̀: èyí tó ń bọ̀ láti òkè, ojú kankan ò rí i. Tí o bá fọ́ nǹkan nísàlẹ̀, gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀ ló máa sún wálẹ̀, súìtì á bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn pàdé láìjẹ́ pé o fọwọ́ kàn wọ́n. Ìyẹn dára nígbà tí ìgbésẹ̀ ṣì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n tí o bá ti to nǹkan kan dé ìdajì, tí ìgbésẹ̀ sì ti ń tán lọ, òkè ni kí o ti máa ṣeré, kí ohun tí o tò má baà tú. Èmi gbà pé ibí yìí ni ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ń dáwọ́ lé súìtì lásán àti ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe.

Igun ló kù. Súìtì tó wà ní igun, ẹ̀gbẹ́ méjì péré ló ní, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣẹ́kù títí ìgbésẹ̀ á fi tán. Súìtì onílà ni mo fi ṣẹ́gun rẹ̀. Tí mẹ́rin aláwọ̀ kan náà bá tò ní ìbú, onílà òòró ni yóò bí, tó máa gbá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí mẹ́rin bá tò ní òòró, onílà ìbú ni, ọ̀tún dé òsì ló ń gbá. Ẹ wá wò ó báyìí: tí mẹ́rin tó dúró ní òòró yẹn bá bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, onílà tó bá jáde níbẹ̀ máa já bọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀ yẹn gan-an, torí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti fọ́. Nígbà tí o bá wá fi méjì aláwọ̀ rẹ̀ tò mọ́ ọn, igun ọ̀tún àti igun òsì ló máa gbá pọ̀!

Elésè àlùkò ni tòní. Méjì wà nísàlẹ̀, ọ̀kan wà lókè, àwọ̀ ewé kan há sáàárín wọn, ẹ̀kẹrin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé yẹn gẹ́lẹ́. Àbúrò mi obìnrin ń wo fóònù láti ẹ̀yìn mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tì í. Ṣokoléètì ṣì wà ní igun òsì yẹn.” Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe rò ó. Tí onílà bá gbá igun tí ṣokoléètì ṣì wà lórí rẹ̀, ṣokoléètì nìkan ló máa fọ́, jẹ́lì abẹ́ rẹ̀ á wà bó ṣe wà. A fọ́ ṣokoléètì yẹn ná, láti ẹ̀gbẹ́ tí kò mi àwọn elésè àlùkò wa, lẹ́yìn náà ni mo tì í. Nígbà tí mo wá fi méjì aláwọ̀ rẹ̀ tò mọ́ onílà tó jáde, ó gbá a yẹ́ẹ́! Fún ìgbà kejì, àwọ̀ ọsàn ni mo lò, ọ̀nà kan náà.

Mi ò náwó kankan lé e lórí, mi ò sì rí ìdí tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ náwó. Ẹ̀mí tí ènìyàn bá pàdánù nígbà tó bá kùnà, ọ̀kan ń padà wá ní ìṣẹ́jú 30, márùn-ún ló sì ń pé. Tí o bá wọlé tí ìbẹ̀rẹ̀ ọpọ́n ò dára, jáde kí o tó gbé ìgbésẹ̀ kankan, ẹ̀mí rẹ ò ní dín. Súìtì tí géèmù máa ń mì fún ọ tí o bá dákẹ́, má tẹ̀lé e tí o bá ní ètò tìrẹ, ohun tó ṣeé tò nìkan ló ń fi hàn ọ́, kò mọ ibi tí ò ń lọ. Má sì lépa máàkì. Tí jẹ́lì bá ti tán, ìgbésẹ̀ tó bá ṣẹ́kù á di súìtì àrà, á bú fúnra rẹ̀, máàkì á sì wọlé.

Ní 2014, Toby Walsh, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Ọsirélíà, fi ìṣirò hàn pé géèmù yìí wà lára àwọn ìṣòro tí a kò tíì mọ ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè fi yára yanjú wọn tí ọpọ́n bá ń tóbi sí i. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní eré ọmọdé ni kò tíì jókòó tì í.

Mo ti yọjú wo ìpele tó kàn. Bọ́ǹbù tó ń ka ìgbésẹ̀ sẹ́yìn ló wà níbẹ̀, àwọ̀ márùn-ún. Èyí tí òǹkà rẹ̀ kéré jù ni mo máa kọ́kọ́ lọ bá lọ́la.