Bràsíl tó jọ Kwárà wa, tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ ẹ̀

Eruku ọyẹ́ tá a máa ń nù lórí tábìlì láàárọ̀, tó sì ti máa bo ibẹ̀ padà kó tó di ọ̀sán, ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ wa ní Ìlọrin ló ń dúró sí o. Púpọ̀ nínú ẹ̀ ń ti Bodélé bọ̀ ní ilẹ̀ Chad, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ látijọ́ ni ibẹ̀, atẹ́gùn á gbé e wá, á já díẹ̀ sílẹ̀ fún wa, á wá kọjá sórí òkun, ó di Bràsíl. Àwọn onísáyẹ́ǹsì tó fi sátẹ́láìtì NASA wo ọ̀rọ̀ yìí láàárín 2007 sí 2013 ṣírò ẹ̀ pé eruku Sàhárà tó ń balẹ̀ sí agbègbè Amazon lọ́dún kan ń lọ sí bíi 27.7 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, phosphorus, èròjà tó ń mú ilẹ̀ lọ́ràá, tó wà nínú ẹ̀ sì tó 22,000 tọ́ọ̀nù. Òjò ibẹ̀ pọ̀ débi pé ó máa ń fọ ọ̀rá ilẹ̀ lọ, igbó yẹn tutù yọ̀yọ̀ lóòótọ́ àmọ́ ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ò lọ́ràá tó bá a ṣe rò, eruku tó ń mú wa húkọ́ yìí ló ń bá wọn dá díẹ̀ padà síbẹ̀.

Látìgbà tí mo ti mọ̀yẹn ni ọ̀rọ̀ Bràsíl ti wọ̀ mí lára. Tẹ́ ẹ bá dárúkọ ẹ̀ fún èèyàn níbí, bọ́ọ̀lù ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ, tí wọ́n bá sọ ọ́ síwájú ó di igbó Amazon, ó tán. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ yẹn tóbi ju ohun tá à ń rò lọ, mílíọ̀nù 8.5 kìlómítà níbùú lóròó, tẹ́ ẹ bá gbé Nàìjíríà sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án àyè á ṣì ṣẹ́ kù. Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, Chile àti Ecuador nìkan ni ò bá a pààlà. Ìlà tó pín ayé sí méjì gba òkè ẹ̀ lọ́hùn-ún kọjá ní Macapá, ìlà Tropic of Capricorn sì gba ẹ̀gbẹ́ São Paulo, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti jáde nínú ilẹ̀ olóoru nìyẹn, àwọn ọdún kan wà tí yìnyín funfun máa ń bọ́ ní São Joaquim. Torí náà tí ẹnì kan bá bi yín pé báwo ni ojú ọjọ́ Bràsíl ṣe rí, ẹ kọ́kọ́ bi í pé apá ibo.

Amazon náà yẹ ní wíwò, mi ò ní tan yín. Omi odò yẹn nìkan tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo omi tí odò ayé ń dà sínú òkun. Ní Manaus, odò Rio Negro tó dúdú bí omi àgbo pàdé odò Solimões tó pọ́n bí omi ẹrẹ̀, àwọn méjèèjì á máa ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún kìlómítà mélòó kan láìpò pọ̀, torí ọ̀kan gbóná ju ìkejì lọ, ọ̀kan sì yára ju ìkejì. Igi ibẹ̀ ń fa omi látinú ilẹ̀, wọ́n ń tú u sójú òfuurufú, atẹ́gùn ń gbé e lọ di òjò fáwọn tó wà lápá gúúsù. Gbogbo ayé ló sì mọ ọ̀rọ̀ Amazon, ìpàdé lórí ìpàdé.

Àmọ́ ibi tí ọkàn mi wà ni Cerrado.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Ó tó mílíọ̀nù 2 kìlómítà níbùú lóròó, ó ju Nàìjíríà ìlọ́po méjì lọ, inú ẹ̀ ni wọ́n kọ́ Brasília sí tó di olú ìlú ní 1960. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà Ìlọrin sí Jẹ́bà rí, tẹ́ ẹ ti wo ìta látojú fèrèsé mọ́tò, koríko gíga, igi kúkúrú tó jìnnà síra wọn, òkìtì ikán níhìn-ín lọ́hùn-ún, tí wọ́n bá gbé yín síbẹ̀ lójijì ẹ lè má tètè mọ̀ pé ẹ ti kúrò nílé. Ìgbà ọ̀wọ́n omi wọn àti tiwa ló kàn yí padà. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ lọ́dọ̀ wa ní January òjò ló ń rọ̀ lọ́hùn-ún, nígbà tí ti wa bá ń rọ̀ ní July koríko tiwọn ti gbẹ pátápátá, ètè ń là, imú àwọn ọmọdé ń ṣẹ̀jẹ̀, àfi tó bá di October kí ojú sánmà tó ṣú.

Àwọn igi ibẹ̀ wọ́, wọn ò ga, èèpo wọn nípọn gan-an torí iná ìgbẹ́, iná á jó o kọjá inú igi ò ní mọ̀ ọ́n. Abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ wọn wà. Gbòǹgbò àwọn míì lọ sísàlẹ̀ ju bí igi yẹn ṣe ga sókè lọ, ìyẹn ló jẹ́ káwọn ará ibẹ̀ máa sọ pé igbó tó dorí kodò ni. Gbòǹgbò yẹn náà ló ń jẹ́ kí òjò rí ọ̀nà wọlẹ̀ dáadáa, omi á sinmi sísàlẹ̀, á wá máa sun jáde díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Odò São Francisco, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀. Tocantins náà ńkọ́, ibẹ̀ ni. Ẹni tó bá pa ọ̀dàn yẹn run, odò ló ń pa.

Ẹranko kan wà níbẹ̀ tí kò léyín rárá, ẹnu ẹ̀ gùn bíi fèrè, ahọ́n ẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, èèrà àti ikán nìkan ni oúnjẹ ẹ̀. Ní Emas, ọgbà ẹranko ìjọba tó wà lápá Goiás, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àwọn ìdin kòkòrò kan tó ń gbé lára òkìtì ikán máa ń tan iná àwọ̀ ewé lóru, orí ni wọ́n á yọ síta, ara wọn á máa tàn, àwọn kòkòrò tó ń fò á rí iná yẹn, wọ́n á súnmọ́ ọn, ìdin á sì gbá wọn mú jẹ. Òkìtì kan lè ní ọ̀pọ̀ iná bẹ́ẹ̀ lára. Ó wù mí kí n fojú ara mi rí i.

Kajú táwọn èèyàn wa ń tà lọ́nà Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, igi ìlà oòrùn àríwá Bràsíl ni, àwọn Potogí ló gbé e wá sí Áfíríkà. Ọ̀kan wà ní Pirangi nítòsí Natal, igi kan ṣoṣo o, tí ẹ̀ka ẹ̀ tẹ̀ kanlẹ̀, tó ta gbòǹgbò, tó tún dìde, tó tún tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ títí tó fi gba ilẹ̀ tó ju 7,000 mítà níbùú lóròó lọ. Ẹ̀gẹ́ náà, ìhà gúúsù Amazon ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín, wọ́n ń yan gàrí níbẹ̀ títí dòní. Àwa náà fún wọn ní ọ̀pẹ, epo pupa ni wọ́n fi ń dín àkàrà ní Bahia.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Bí ìdajì Cerrado ti lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ ní ásíìdì, wọn ò ka á kún ilẹ̀ oko tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti àwọn ọdún 1970 ni Embrapa, iléeṣẹ́ ìwádìí oko tìjọba, ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe, tí wọ́n sì mú irú sóyà tó lè gbó níbẹ̀ jáde. Sóyà àti màlúù ti wá gba ibẹ̀ kan. Mi ò bá àwọn àgbẹ̀ jà, oúnjẹ ni wọ́n ń gbìn. Òfin ló ń bí mi nínú. Òfin igbó wọn tọdún 2012 sọ pé ẹni tó bá ní ilẹ̀ nínú igbó Amazon gbọ́dọ̀ fi 80% ẹ̀ sílẹ̀ láìgé. Ní Cerrado ńkọ́? 20% ni nínú apá tó pọ̀ jù, ó di 35% níbi tó bá wọ agbègbè tí òfin kà mọ́ Amazon. Torí pé igi ibẹ̀ ò ga ni, torí pé kò ṣókùnkùn ni, ni wọ́n ṣe kà á sí ilẹ̀ òfìfo.

Ojú yẹn náà la fi ń wo tiwa. Àpò èédú tó ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yẹn, ìgbẹ́ wo lẹ rò pé ó ti ń wá? Igi emi tó ti pẹ́ kó tó so, tí ìyá ẹnì kan ń ṣa èso ẹ̀ ṣe òrí, wọ́n á gé e lọ́jọ́ kan, wọ́n á fi sun èédú.

Àwọn ará Cerrado ní igi tó fẹ́ fara jọ emi, pequi lórúkọ ẹ̀. Ara ẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èèyàn ò gbọ́dọ̀ gé e jẹ o, ṣe ni wọ́n máa ń fi eyín ha á díẹ̀díẹ̀ torí ẹ̀gún wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ló kún ara kóró inú ẹ̀, tó bá gún ahọ́n, wàhálà dé. Wọ́n ń fi se ìrẹsì, wọ́n ń fún epo látinú ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Minas Gerais ti fi òfin dáàbò bo igi yẹn, kódà tó bá wà nínú oko ẹni, èèyàn ò lè kàn gé e lulẹ̀ bó ṣe wù ú. Irú òfin yẹn ni mo fẹ́ fún igi emi àti igi irúgbá wa ní Kwárà, kó sì jẹ́ òfin tí wọ́n á máa tẹ̀ lé lójú ọ̀nà, níbi tí ọkọ̀ èédú ń gbà.