Àwọ̀ lórí àwọ̀: ohun tí mo kó bọ̀ láti Àjàṣẹ́

Iṣẹ́ àwòrán ọmọdé ni mò ń ṣe. Mo ń yàwòrán sínú ìwé ìtàn, mo sì ń fi ìrépé aṣọ rán báàgì, ìrọ̀rí àti fìlà ọmọdé tà. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ìgbà kan máa ń dé tí gbogbo àwọ̀ tó ń jáde lọ́wọ́ ẹni á bẹ̀rẹ̀ sí í jọra. Bí a bá sì ní ká wá ìmísí lórí fóònù, ohun tí ẹlòmíràn ti rí la óò tún rí: píǹkì tó rọlẹ̀, àwọ̀ ewé tó rọlẹ̀, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí èyí tó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ jà. Èmi ń fẹ́ àwọ̀ tó ń jà. Mo kó ìwé ìyàwòrán, kíréyọ́ọ̀nù àti síṣọ́ọ̀sì sínú àpò, mo gba ọ̀nà Àgbádárìgì, ó di Àjàṣẹ́.

Àjàṣẹ́ yìí náà ni Porto-Novo tí ẹ máa ń rí lórí àwòrán ilẹ̀, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin. Kútọnu ni ariwo òwò wà, Àjàṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni tirẹ̀. Yorùbá àti Ògù ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò gbọ́ Faransé kò ní sọnù. Ní ọjà, n kò tí ì parí ìkíni mi tí ìyá aláṣọ kan fi bi mí pé, "Ọmọ Èkó, àwọn ará ilé ńkọ́?"

Ọ̀nà Sèmè kò ní ìròyìn púpọ̀. Ọkọ̀ ń dúró, ó ń rìn, wọ́n ń wo ìwé. Lẹ́yìn ibodè, ọkọ̀ á yà kúrò lójú ọ̀nà Kútọnu, á gun afárá orí ọ̀sà, ìlú á sì yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Etí ọ̀nà yẹn ni mo ti kọ́kọ́ ṣí ìwé ìyàwòrán mi, nítorí epo bẹntiróòlù. Inú ìgò ńlá, ìgò oníkùn rọ̀bọ̀tọ̀ ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́, làwọn alátẹ epo ń dà á sí, tí wọ́n á tò ó sórí pákó lójú títì. Oòrùn ọ̀sán là á kọjá, ó ń tàn bí oyin inú afárá. Lára ìgò kan, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn lódìkejì; lára èkejì, ọlọ́kadà kan ń kọjá nínú epo tòun ti èrò tó gbé sẹ́yìn. Mo yà á bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo torí rẹ̀ lọ ni Mọ́ṣáláṣí Ńlá. Ẹni tí a kò bá sọ fún á búra pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ilé gogoro méjì dúró níwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Òpó símẹ́ńtì fara mọ́ ògiri láti ìsàlẹ̀ dókè, ọnà símẹ́ńtì yí fèrèsé ká. Gbogbo ibi tí ọnà bá ti yọ ni wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ tirẹ̀: ìyeyè, àwọ̀ ewé, búlúù, pupa bí erùpẹ̀. Òjò àti oòrùn ti fọwọ́ bà á, ó ti ṣá níbì kan, ó ṣì le níbòmíràn. Orí kò gbà mí láti jókòó síbi kan wò ó. Mo ń yí i ká ni.

Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n padà sí etíkun wa, àtàwọn ọmọ tí wọ́n bí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí Yorùbá pọ̀ jù nínú wọn dìde ogun ní Salvador, ní ilẹ̀ Bahia. Ìjọba ibẹ̀ ṣẹ́gun wọn, ó sì lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà sí ilẹ̀ adúláwọ̀. Àwọn mìíràn ra òmìnira ara wọn, wọ́n fúnra wọn wọkọ̀ wálé. Wọ́n kó iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ káfíńtà àti ojú tó mọ ilé Bahia bọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí mọ́ṣáláṣí Àjàṣẹ́ ní 1912, àwòrán ilé Ọlọ́run tó wà lọ́kàn àwọn oníṣẹ́ ni ti ṣọ́ọ̀ṣì Salvador. Òun ni wọ́n kọ́, wọ́n sì kírun sínú rẹ̀.

Èkó náà ní irú ìtàn yìí. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, ọwọ́ Àgùdà ló kọ́ ọ, João Baptista da Costa. Èmi tí mo ti ń kọjá níbẹ̀ láti kékeré, Àjàṣẹ́ ló là mí lójú sí i. Bí mo bá tún ń lọ Ọjà Jánkárà báyìí, mo máa ń gbójú sókè.

Àdúgbò tó yí mọ́ṣáláṣí náà ká kún fún ilé Àgùdà, àwọn kan dúró dáadáa, àwọn mìíràn ti ń wó. Lára èyí tó ń wó ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jù lọ. Ọ̀dà ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé kan, ibi tó bó kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo fojú sí i. Àwọ̀ ọsàn ló wà lókè pátápátá. Etí ibi tó bó fi búlúù kan hàn lábẹ́ rẹ̀, búlúù náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Abẹ́ búlúù ni píǹkì wà. Abẹ́ píǹkì, ẹfun. Ìran kan kùn ún, ìran mìíràn dé, kò fọ ti àkọ́kọ́ dànù, ó kan gbé tirẹ̀ lé e. Mo kó kíréyọ́ọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, mo kùn wọ́n léra wọn bó ṣe wà lára ògiri yẹn gan-an, mo fi èékánná họ ọ́. Ohun tó jáde kì í ṣe àwọ̀ tí mo lè rí nínú páálí kíréyọ́ọ̀nù kankan.

Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mò ń wá kiri: ohun tó wà lábẹ́ ohun tó wà lókè.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé Àjàṣẹ́ mú mi gba ọ̀nà Sakẹ́tẹ́ lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí àwọn oníjó máa ń gbé sórí jó. Láti Sakẹ́tẹ́ lọ dé Pọ́bẹ̀, títí dé Kétu, ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Àjọ UNESCO ti ka ìran náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá aráyé láti 2001, fún Benin, Nàìjíríà àti Togo lápapọ̀. Tiwọn nìyẹn. Yorùbá ti sọ tirẹ̀ tipẹ́: ojú tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran.

Ère tí mo bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá náà, ojú obìnrin ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ojú náà tutù, ètè rẹ̀ pa dé, ilà mẹ́ta-mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Gèlè búlúù ló wé, tí wọ́n fi ìka tọ́ ìyeyè sí lára, tó-tó-tó. Orí gèlè yìí ni ọlọ́kadà wà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ìyeyè, ó gbé ìyá kan sẹ́yìn, ìyá náà pọn ọmọ, ọmọ náà sì di adìyẹ kan mú lẹ́sẹ̀. Gbogbo èèyàn wọ̀nyí jókòó sórí obìnrin kan tí kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Mo wò ó títí. Mo ti ń ya ìwé ọmọdé láti ọjọ́ yìí wá, n kò tí ì rí ojú ìwé tí ìtàn kún tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ṣé àwọn tó fẹ́ jó ló sọ pé kí ẹ gbé ọ̀kadà sí i ni?"

"Wọ́n lè sọ, èmi náà lè rí i fúnra mi," bàbá dáhùn, ọbẹ ò kúrò lára igi. "Ohun tó bá wà láyé ló ń gun orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọmọ mi. Nígbà tí bàbá mi ń gbẹ́ ẹ, ejò àti ẹyẹ ló pọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ dé, wọ́n gbẹ́ ẹ. Ọkọ̀ òfuurufú kọjá, wọ́n gbẹ́ ẹ."

Mo fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ gèlè náà níbi tí ọ̀dà ti hú díẹ̀. Pupa fòò wà lábẹ́ búlúù.

"Wọ́n máa ń kó o wá kí n tún un kùn bí ìran bá ti ń sún mọ́lé. Ọdún mìíràn, àwọ̀ mìíràn. Igi kan náà ni."

Ó sọ fún mi pé ẹfun àti osùn làwọn àgbà ń lò tẹ́lẹ̀, pé búlúù ìfọṣọ dé lẹ́yìn náà, kó tó wá di ọ̀dà inú agolo. Kò kẹ́dùn èyí tó lọ. Ohun tó gbajú mọ́ ni kí ojú ìyá yẹn tutù, nítorí àwọn ìyá wa ni a ń torí wọn jó. Bí ojú bá ti tutù, ohun gbogbo tó wà lókè lè máa pariwo. Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú iṣẹ́ mi pátápátá. Ọmọ inú ìwé mi lè wọ àwọ̀ méje, kí igi ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, kí ewúrẹ́ máa fò lókè ilé. Ojú ọmọ náà á jẹ́ pẹ̀lẹ́.

Bí a ti ń padà, egúngún jáde ní àdúgbò kan. A dúró sọ́nà jíjìn bó ti yẹ. Nígbà tó ń rìn, ẹ̀wù rẹ̀ kàn wúwo ni. Nígbà tó pòyì, gbogbo abala aṣọ náà fò sókè, inú rẹ̀ sì yọ: àrán lókè, àǹkárá lábẹ́ rẹ̀, òfì tó ti gbó lábẹ́ ìyẹn, etí abala kọ̀ọ̀kan ní ìgbátí pupa tí wọ́n gé ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn. Ìdílé ló ń fi aṣọ kún aṣọ lára egúngún wọn. Tuntun ń gorí ògbólógbòó. Mo ti ń rí egúngún láti kékeré, kò sí ìgbà tí mo wò ó bí aránṣọ rí.

Ó yẹ kí n dárúkọ ọmọ Àjàṣẹ́ kan tí gbogbo ayé mọ̀, Romuald Hazoumè, tí wọ́n bí ní 1962. Kẹ́ẹ̀gì oníke tí wọ́n fi ń gbé epo láti Nàìjíríà wọ Benin ló fi ń ṣe ìbòjú. Ó máa ń gé e, ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì á di imú, ẹnu kẹ́ẹ̀gì á di ẹnu. Ní 2007, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 304 tí ó tò bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi kó ẹrú. Ẹni tó bá ti rí ojú ọ̀nà Sèmè mọ ibi tí ojú yẹn ti wá.

Ọjà Wàǹdó ni mo parí sí. Àǹkárá ibẹ̀ ń ṣeré ju tiwa ní Èkó lọ, èrò tèmi ni. Fáànù oníná tó ń fẹ́, ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń fò, kọ́kọ́rọ́, lẹ́tà ABD. N kò ra ìgàn kankan. Ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ ni mo lọ, mo ra ìrépé inú àpò wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń lò ó, fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò. Mo máa ń to aṣọ mẹ́ta léra wọn, àwọ̀ tó ń jà ni kí ẹ yàn. Mo á fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹyẹ tàbí ọ̀kadà sórí èyí tó wà lókè, mo á fi ẹ̀rọ rán gbogbo etí àwòrán náà pọ̀ mọ́ aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ni síṣọ́ọ̀sì kékeré tó mú á gé inú àwòrán náà kúrò lára aṣọ òkè nìkan, kí ó má kan okùn rírán. Èkejì á yọ. Níbi ìyẹ́ tàbí táyà, mo á rán òmíràn sínú, mo á gé èkejì náà, ẹ̀kẹta á yọ. Àǹkárá dára fún un nítorí kò tètè ń tú. Lórí bébà, ọ̀dà olómi ni mò ń lò, ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí òmíràn tó gùn ún, sáńpépà tó kúnná ni mo fi ń ha á. Ìwé tí mò ń yà lọ́wọ́ báyìí, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀run inú rẹ̀ ṣe rí: ìyeyè lórí àlùkò, òfuurufú ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ lè fi ìka tọ.

Kétu ló kàn. Ẹ̀yìn ìkórè ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sábà máa ń jáde, Ẹ̀fẹ̀ lóru pẹ̀lú orin, ijó lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ère tí mo bá lórí pákó ni mo ti rí. Mo fẹ́ rí i lórí ẹni tó ń jó, tòun ti òjá àti gèlè tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ìyá. Mo ti ń tọ́jú owó. Bí ẹ bá fẹ́ ká jọ lọ, ẹ tètè wá káàdì yẹ́lò, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, àti ìwé ìrìnnà yín sílẹ̀, ẹ má sì ṣe gbé kámẹ́rà sókè síbi tí ẹ kò bá tí ì tọrọ àyè.