Gúlù inú ìwé kọ́ ni gúlù inú ọpọ́n

Inú mi kò tíì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ń gbóná. Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bàbà fífọ̀ ní Amẹ́ríkà níbí mọ bó ṣe ń rí: iná ń gba inú omi ásíìdì tó wà nínú ọpọ́n ńlá kọjá, ánóòdù (pátákó bàbà tí kò tíì mọ́) ń yọ́, kátóòdù (pátákó tí bàbà mímọ́ ń lẹ̀ mọ́) ń nípọn sí i, omi ásíìdì náà gbóná tó 60 sí 65 lórí ìwọ̀n Celsius, a sì ń retí bàbà tó mọ́ dé 99.99 nínú ọgọ́rùn-ún. Gúlù egungun àti kẹ́míkà méjì, thiourea àti kílóráìdì, tí à ń dà díẹ̀ díẹ̀ sínú omi náà, ló ń mú kí ojú bàbà náà tẹ́jú.

Lóru ọjọ́ kan, kókó yọ, ìyẹn bàbà tó wú jáde lójú kátóòdù. Ìgbà tí kéréènì gbé kátóòdù àkọ́kọ́ sókè, ara rẹ̀ rí bí ara ọ̀pọ̀lọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kókó mìíràn ti gùn kan ánóòdù, iná sì ń gba ibẹ̀ kọjá: ṣọ́ọ̀tì níwájú, ṣọ́ọ̀tì lẹ́yìn. Ẹni tó ń fi kámẹ́rà ooru yẹ orí ọpọ́n wò kò ráyè sinmi. À ń fi irin gbo kókó dànù, òórùn ásíìdì ń ta wá nímú, iná tó yẹ kó máa kó bàbà jọ ń di ooru lásán. Ọ̀gá dé, ó ṣí ìwé tí à ń kọ iye gúlù tí a dà sí, ó ní gúlù pé, pé àwa ará òru ni a kò to kátóòdù dáadáa. Lójú àwọn ọmọdé iṣẹ́ ló ti sọ ọ́. Ó dùn mí wọra, nítorí mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí wọ́n máa wọn gúlù inú omi fúnra rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tú páìpù gúlù. Gúlù gbígbẹ ti dí i. Páǹpù ń yí, ìwé ń kún, ohun tó ń dé ọpọ́n kò tó nǹkan. Wọ́n fọ̀ ọ́, kátóòdù tó tẹ̀ lé e sì dán.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú ni pé ohun tí ẹ dà sínú omi kì í ṣe ohun tó wà nínú omi. Kì í ṣe ti páìpù dídí nìkan. Ásíìdì gbígbóná ń gé gúlù sí wẹ́wẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀, agbára rẹ̀ sì ń lọ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ pẹ́ jù nínú omi gbígbóná tí ẹ fi ń pò ó, ó ti ń kú kó tó dé ọ̀dọ̀ ásíìdì. Mi ò sọ pé kí ẹ má kọ ìwé o. Ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́.

Gúlù ń mú kí ó nira fún bàbà láti lẹ̀ mọ́ kátóòdù, fóltéèjì ojú kátóòdù á sì fi hàn. Ohun tí ẹ̀rọ CollaMat láti Jámánì ń lò láti wọn gúlù nìyẹn. Kílóráìdì rọrùn láti wọ̀n, kẹ́míkà silver nitrate á sọ iye rẹ̀ fún yín. Ẹ má sì fi thiourea dí àyè gúlù, bó bá pọ̀ jù, ojú bàbà á máa là ní ilà-ilà, sọ́fọ̀ (imí-ọjọ́) á sì wọ inú rẹ̀.

Ẹni tí wọn kò tíì ra ẹ̀rọ fún, kó máa bu omi níbi tí omi ti ń jáde nínú ọpọ́n, kó má mọ sí ibi tó ti ń wọlé. Lẹ́nu ibi tí omi ti ń jáde ni gúlù ti kéré jù, kátóòdù ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ yọ kókó.