Iṣẹ́ Oko Nígbà Òtútù àti Ètò Ànàmọ́ Òyìnbó Mi

Ní oṣù Kejì yìí, ilẹ̀ oko ẹ̀fọ́ kékeré tí mo yá ní Manchester ṣì rin gbingbin, nítorí náà n kò tíì kọ ebè kankan, torí pé bí ènìyàn bá ń tẹ ilẹ̀ amọ̀ tí omi ti mu yó, ṣe ni yóò ki pọ̀. Ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà nìkan ni mo tẹ́ lé e, kí ekòló bá mi wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀.

Ànàmọ́ òyìnbó ló gbà mí lọ́kàn jù. Mo ti to èbù rẹ̀ sínú kréètì ẹyin, mo kọ ojú wọn sókè, mo sì gbé wọn síbi tó tutù tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí wọ́n lè hù ní kúkúrú kí ó sì ki. Èyí tó bá hù nínú òkùnkùn a gùn, a sì máa tètè ṣẹ́. Ìyá mi, tí èbù iṣu nìkan mọ́ lára, bú sẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí i lórí fóònù. Irú ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Rocket, tó máa ń tètè ta, yóò wọlẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹta, pẹ̀lú àlàfo 30 sẹ̀ǹtímítà. Irú kejì, Sarpo Mira, tí mo yàn nítorí pé ó lè kojú àrùn tó ń jó ewé ànàmọ́ nígbà ooru tí òjò bá pọ̀, yóò dúró di oṣù Kẹrin. Ibi tí mo gbìn wọ́n sí lọ́dún tó kọjá, n kò ní padà síbẹ̀ títí ọdún 3 yóò fi pé.