Screen guard Àǹtí mi

Ọ̀dọ̀ Àǹtí mi ni mo ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò màmá mi ni wọ́n. Lójú tiwọn, dókítà tí kò lè kọ oògùn ibà fún èèyàn kò tíì di dókítà, torí náà wọn kì í bi mí léèrè ohun tí mò ń ṣe ní láàbù.

Rọ́bà ni mò ń ṣe. Sílíkónì kan tó mọ́ gaara ni, PDMS là ń pè é. A ó po ìdá 10 òróró rẹ̀ mọ́ ìdá 1 èyí tó ń mú un dì, a ó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, a ó sì fi ooru mú un gan. Lẹ́yìn náà la ó nà án tantan mọ́ irin, a ó rì í sínú àdàlù ásíìdì sulphuric àti nitric, ojú rẹ̀ á sì di awọ líle fẹ́lẹ́ tó jọ gíláàsì. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ dáadáa kẹ́ ẹ tó tú u sílẹ̀ o. Rọ́bà fẹ́ súnkì, awọ orí rẹ̀ ò lè súnkì, ni awọ bá hunjọ bí ojú ẹ̀kọ gbígbóná téèyàn fẹ́ atẹ́gùn sí. Ojú lásán ò lè rí ìhunjọ náà: láti orí ìlà kan sí èkejì lè má ju ìdá 2 nínú ìdá 1000 mìlímítà kan lọ. Ti ojú CD náà ò jìnnà sí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn méjèèjì fi ń yọ òṣùmàrè bí iná bá kàn wọ́n.

Lọ́jọ́ Fráídè kan, mo mú èyí tó dáa jù wálé torí ìpàtẹ tá a fẹ́ ṣe fáwọn ọmọ iléèwé láàárọ̀ Sátidé. Mo fi í sínú ike, mo gbé e sórí firíìjì. Nígbà tí mo jí, ike wà níbẹ̀, rọ́bà ò sí.

Ibi tí mo ti ń wá a kiri ni mo ti gbọ́ ohùn Àǹtí ní pálọ̀.

"Daddy, ojú mi ti lọ o! Olúwa kan ló wà nínú Sáàmù yìí tẹ́lẹ̀. Mẹ́ta ni mò ń rí báyìí, òmíràn pupa, òmíràn búlúù!"

Ọkọ wọn ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Mẹ́talọ́kan nìyẹn. Máa kà á lọ."

Mo gba fóònù wò. Rọ́bà mi rèé, ó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ kó lè bá fóònù mu, wọ́n tún lu ihò róbótó fún kámẹ́rà. Ká sòótọ́, iṣẹ́ ọwọ́ náà mọ́. PDMS ò sì nílò gọ́ọ̀mù: bí ẹ̀yìn rẹ̀ tó dán bá ti kan gíláàsì, ó ti lẹ̀ nìyẹn. Láti ọdún 1998 tí George Whitesides, onímọ̀ kẹ́mísírì, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀wé nípa irú ìhunjọ yìí nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature (irin fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo rọ́bà tiwọn), n ò tíì gbọ́ pé ẹnì kankan ronú kan screen guard.

"Àǹtí, ẹ ò bi mí kẹ́ ẹ tó mú un?"

"Ta ló ń tọrọ àyè kó tó mú ohun tó wà lórí firíìjì ara rẹ̀?"

Mo rọra ká a kúrò, Olúwa padà di ọ̀kan. Mo rò pé inú wọn á dùn. Ọwọ́ ni wọ́n nà sí mi pé kí n dá a padà. Àṣé níbi ìṣọ́ òru àná, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé fóònù sókè ló ń kọ yẹ̀rì, àwọn obìnrin tó jókòó tì wọ́n ò sì rí àdúrà gbà mọ́. Ẹni mẹ́ta ti san àsansílẹ̀.

"Owó kí ni, Àǹtí?"

"Owó irú ẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi ló ń ṣe é. Tó o bá ń bọ̀ lálẹ́, kó mẹ́ta dání. Ti Ìyá Ìjọ máa tóbi díẹ̀ o, tábúlẹ́ẹ̀tì ni tiwọn."